Wọ́n ń wọ bàlúù lọ wo ọgbà àjàrà, ta ló ń lọ sí ìdí ọ̀pẹ?

Sátidé tó kọjá, mo wà níbi ìgbéyàwó kan n'Íkẹjà. Gbọ̀ngàn náà tutù bí inú fíríìjì, aṣọ ẹbí ń dán, olórin ń kọ jùjú tó wọ̀ mí lára. Lórí tábìlì tí wọ́n fi mí sí, oríṣi wáìnì mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ọ̀kan láti South Africa, ọ̀kan láti Spéènì, ẹ̀kẹta láti Faransé. Láàárín wọn ni wọ́n gbé akèrègbè kékeré kan sí, tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ yípo ọrùn. Inú mi dùn. Mo gbé e, mo mì í. Òfìfo ni.

Mo bi ọmọbìnrin tó ń pín oúnjẹ pé, "Àǹtí, ṣé kò sí ẹmu ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀ṣọ́ la fi ṣe o, sà."

Ẹ̀ṣọ́ la fi ṣe. Mo gbé gbólóhùn yẹn lọ sílé, kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Èmi náà ń mu wáìnì òyìnbó tí wọ́n bá fún mi. N ò sì bá ẹni tó ń lọ sí Stellenbosch jà. Níbẹ̀, ní South Africa, oko àjàrà ti di ibi tí èèyàn ń sanwó wọ̀. Wọ́n á mú yín rìn láàárín àjàrà, wọ́n á fi ibi tí ọtí ti ń pọ́n hàn yín, wọ́n á bù ú díẹ̀díẹ̀ fún yín kí ẹ tọ́ ọ wò, ẹ ó jẹun, ẹ ó sì ra ìgò méjì dání. Groot Constantia, oko wáìnì kan lẹ́bàá Cape Town, ti wà láti ọdún 1685. Àwọn ọmọ wa ń lọ síbẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò, Instagram ń kún. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ìbéèrè tèmi ò ju ẹyọ kan lọ: wáìnì tiwa ńkọ́?

Torí wáìnì ni ẹmu. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àgbá àwọn ará Faransé náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú akèrègbè: omi dídùn wà, ìwúkàrà wọ inú rẹ̀, ó jẹ ṣúgà tó wà níbẹ̀, ó sọ ọ́ di ọtí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé òyìnbó fún èso, àwa bẹ igi. Tiwọn máa ń tó ìdá 12 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún ní agbára, tiwa kì í sábà ju ti bíà lọ.

Kì í sì í ṣe àná la bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa sọ pé nígbà tí Olódùmarè rán Ọbàtálá wá dá ilé ayé, ẹmu ló mu yó lójú ọ̀nà tó fi sùn lọ, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ náà ṣe. Títí dòní, ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn olórìṣà Ọbàtálá. Nígbà tí Amos Tutùọlá gbé ìwé rẹ̀ The Palm-Wine Drinkard jáde ní ọdún 1952, ọ̀mu ẹmu ló fi ṣe akọni, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sì sọ ọ́ di eré orí ìtàgé tó ń jẹ́ Ọ̀mùtí. Ní 1962, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́mu sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ sí Kegites. Nígbà tí mo wà ní pólì, àwọn ni mo kọ́kọ́ rí tó ń fi akèrègbè yangàn. Ohun tó ni irú ìtàn yìí ló wá di ẹ̀ṣọ́ orí tábìlì.

Mo lọ bá a nídìí igi

Mo pinnu pé n ò ní jókòó sí Èkó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo wọkọ̀ l'Ójòtá, mo bọ́ sílẹ̀ l'Ọ́rẹ̀, mo gba ọ̀nà Òkìtìpupa, mo sì fi ọ̀kadà wọ abúlé kan nínú ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n bàbá ọ̀rẹ́ mi kan ti ń dá ẹmu. N ò ní dárúkọ bàbá náà, òun ló bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n súnmọ́ ẹni àádọ́rin ọdún.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n fi jí mi. Bàbá ti gbé igbà sí èjìká, ọ̀bẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ẹ̀gì wà lọ́wọ́. Wọ́n fi igbà yí ọ̀pẹ àti ara wọn ká, wọ́n fà á wò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ń lọ sókè bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ilé. Mo bojú wolẹ̀. Àyà mi ń já ju tiwọn lọ.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún mélòó lẹ ti ń gùn ún?"

Wọ́n ní, "Kí wọ́n tó bí ẹ."

Wọ́n ṣàlàyé fún mi bó ṣe ń lọ. Ọ̀pẹ máa ń ní òdòdó akọ àti òdòdó abo lórí igi kan náà. Abo ló ń di ẹyìn tí a fi ń ṣe epo, akọ ni adẹ́mu ń bẹ tí omi fi ń sun. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ padà sórí igi kan náà lọ fi ọ̀bẹ bó ojú ibẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, torí bí ojú rẹ̀ bá gbẹ, omi á dá. Ẹ ṣírò rẹ̀. Igi mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mejì, lójoojúmọ́. Kò sí Sunday, kò sí ìsinmi.

Ti ògùrọ̀ tún yàtọ̀. Ibi tí omi wà ló ń gbé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yọ òdòdó láyé rẹ̀, ìgbà tó bá fẹ́ yọ ọ́ ni wọ́n máa ń dá a, lẹ́yìn náà á kú. Ẹni tó bá dá ògùrọ̀ tí kò gbin òmíràn, ó ti jẹ oúnjẹ ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá bu ẹmu sínú igbá fún mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, n ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ó dùn bí omi àgbọn tútù, ó ta ahọ́n díẹ̀, ìfóòfó rẹ̀ kún ẹnu igbá. Mo wo ojú wọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará Èkó, omi lẹ ń mu."

Òótọ́ ni. Bí ẹmu bá ti kúrò lọ́wọ́ wọn, alágbàtà á gbé e lọ s'Ọ́rẹ̀, ẹlòmíì á gbà á níbẹ̀, yóò wọ mọ́tò, yóò bá gó-síloò pàdé. Kó tó d'Ékòó, ó ti kan. Ẹni tó gbà á á bu omi lé e kó lè pọ̀, á da sákáríìnì sí i kó lè dùn. Gbogbo ọwọ́ tó bá kọjá ló ń bù lé e. Ohun tó dé ìsọ̀ ẹlẹ́mu ní Múṣin, orúkọ nìkan ló kù lára rẹ̀.

Kí ló fa á tí tiwa ò fi dà bí tiwọn?

Ohun mẹ́ta ni mo rí.

Àkọ́kọ́ ni àkókò. Àjàrà lè di wáìnì kó dúró nínú ìgò fún ọdún mẹ́wàá. Ẹmu ò dúró wákàtí mẹ́wàá. Bó ṣe ń kán sínú kẹ́ẹ̀gì ló ti ń di ọtí. Láàárín wákàtí mélòó kan, ó ti lágbára bíi bíà. Bó bá di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan ẹnu.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Wáìnì Faransé náà ti ń bàjẹ́ rí. Ní 1863, olú-ọba wọn, Napoleon III, ní kí Louis Pasteur wádìí ohun tó ń ba wáìnì ìlú náà jẹ́. Ọkùnrin yẹn rí i pé tí wọ́n bá fi iná díẹ̀ mú un gbóná, tí kò hó, àwọn kòkòrò tí ojú ò rí tó ń bà á jẹ́ á kú. Iṣẹ́ tí wọ́n wá ń lò fún wàrà káàkiri ayé lónìí, orí ọtí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwa náà ò sùn. FIIRO tó wà l'Óṣòdì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, ti ṣiṣẹ́ lórí bí ẹmu ṣe lè wọ ìgò. NIFOR tó wà lẹ́bàá ìlú Benin, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1939 gẹ́gẹ́ bí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ, ti ta ẹmu inú ìgò rí. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé a ò ní ìmọ̀. Ìmọ̀ wà. Iná mànàmáná, ọ̀nà tó dáa àti owó tí adẹ́mu lè yá láìsí pé wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ni ò sí.

Ẹ sì jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹmu inú ìgò kì í dùn bí ti ìdí igi. Iná tó pa ìwúkàrà ló ń mú ìfóòfó àti títa ẹnu yẹn lọ. Ibí yìí gan-an ni mo ti yàtọ̀ sí àwọn tó ń sọ pé àfi ká kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò. Bí ẹmu ò bá lè rìn wá bá wa kó má bàjẹ́, ṣebí àwa lè rìn lọ bá a. Ẹni tó lọ sí Stellenbosch lè rí wáìnì kan náà rà ní Lẹ́kí, ìrìn àjò ló lọ rà níbẹ̀. Ẹmu gidi ò sí ní Lẹ́kí rárá, ìdí ọ̀pẹ nìkan ló wà. Tí ohun kan bá wà tó yẹ kó sọ oko di ibi ìgbafẹ́, òun ni.

Ìkejì ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Ní 2015, ní Òde-Ìrèlè, tí kò jìnnà síbi tí mo lọ, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́jú, wọ́n ń kú. Àwọn kan ń pè é ní àìsàn àràmàǹdà. Ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, methanol inú ògógóró ni. Ìjọba fòfin de ògógóró lọ́dún yẹn. Ògógóró kì í ṣe ẹmu, ẹmu tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ Èkó? Ojú kan náà ló fi ń wo gbogbo wọn: ọtí ìbílẹ̀, ọtí ikú.

Kí làwọn ẹlòmíì ṣe sí irú ọ̀rọ̀ yìí? Lọ́dún 1935, Faransé gbé ètò kan kalẹ̀ pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi orúkọ àdúgbò kan sára wáìnì àfi tó bá ti ibẹ̀ wá, tí wọ́n sì ṣe é bí àdúgbò náà ṣe ń ṣe é. Ẹ má sọ pé òyìnbó ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Benin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí, wọ́n ti fi òfin dáàbò bo orúkọ ọ̀pẹ òyìnbó Allada láti 2021. Ọ̀pẹ òyìnbó ní orúkọ tí òfin mọ̀, ọ̀pẹ tiwa gan-an ò ní! Ká ní "ẹmu Ìkálẹ̀" tàbí "ẹmu Àgbádárìgì" jẹ́ orúkọ tí ẹgbẹ́ àwọn adẹ́mu ń ṣọ́, tí wọ́n lè lé ẹni tó bá bu omi sí i jáde, ẹni tó ń rà á á mọ ohun tó ń sanwó fún.

Ìkẹta ni èèyàn àti ilẹ̀. Bàbá bí ọmọ mẹ́rin. Ọ̀kan ń wa mọ́tò l'Ékòó, ọ̀kan ń ṣe irun n'Íbàdàn, méjì wà nílé ọkọ. Kò sí ìkankan tó ń gun ọ̀pẹ. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń dá ẹmu lábúlé náà báyìí, láti Benue ni púpọ̀ wọn ti wá. Ọ̀kan nínú wọn já bọ́ lọ́dún tó kọjá, ìbàdí rẹ̀ kán. Kò sí ìbánigbófò, kò sí owó ìtọ́jú. Ará abúlé ló dáwó. Bàbá sọ ọ́ fún mi bí ẹni sọ̀rọ̀ òjò. Ó ti mọ́ wọn lára.

Ẹ tún wo ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Ibi tí ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ wà lánàá, ẹ́sítéètì ló wà níbẹ̀ lónìí. N ò ní ká má kọ́lé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ka iye igi tó ti lọ.

Ọ̀rọ̀ owó nìyí o

Kí ló dé tí mo fi ní ọ̀rọ̀ òní ni, tí kì í ṣe ìtàn àtijọ́? Ẹ rántí pé kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, dọ́là kan ò tó ₦500 ní báńkì. Ní 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Gbogbo ìgò wáìnì tó wọ ìlú yìí, dọ́là ni wọ́n fi rà á. Kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́rin tí mo rà lọ́wọ́ bàbá, owó rẹ̀ ò tó ìdajì ìgò kan lórí tábìlì ìgbéyàwó yẹn, kò sì sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ tó sọdá òkun.

Ní oṣù kejì 2024, NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin tó de ọtí inú ọ̀rá àti inú ìgò kékeré. Àwọn òṣìṣẹ́ fárígá, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ pariwo pé iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n bá sún un di ìparí 2025. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ tó máa bọ́ lọ́wọ́ ará ilé iṣẹ́ ní agbẹnusọ. Iṣẹ́ tó ti ń bọ́ lọ́wọ́ adẹ́mu láti ogún ọdún ńkọ́?

Àwọn kan á ní, "Ọ̀gá, ọtí lò ń polówó." Rárá. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ ò gbà á, kó má fẹnu kàn án. Ẹni tí ò tíì pé ọdún méjìdínlógún, kò kàn án. Ẹni tó máa wakọ̀, kó mu omi. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọtí tí a máa mu náà ni a ń mu yìí, ìbéèrè tó kù ni ta ló ń jẹ èrè rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan ṣì wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣe fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ lọ. Bàbá sọ fún mi pé àwọn kan ti wá rí, wọ́n gbé kámẹ́rà wá. Wọ́n ní, "Wọ́n ní kí n gùn ún, mo gùn ún. Wọ́n ní kí n tún un gùn, oòrùn ò jẹ́ kí fídíò náà dáa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gùn. Wọ́n ra lítà kan." Ẹni àádọ́rin ọdún! Ìyẹn kì í ṣe ìbẹ̀wò, ìyà ni. Ní oko àjàrà òyìnbó, ẹ máa sanwó kí ẹ tó rí ohunkóhun. Ẹ sanwó fún bàbá náà. Owó ìbẹ̀wò lọ́tọ̀, owó ẹmu lọ́tọ̀. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù nígbà tí wọ́n bá ń gùn ún fún iṣẹ́ ara wọn, ẹ dúró nísàlẹ̀, ẹ wò, ẹ béèrè ìbéèrè. Ẹ jẹun lọ́wọ́ àwọn ìyá abúlé. Ẹ mú ẹnìkan tí kò ní mu ún dání, kó wa yín padà.

Ẹ̀yin tó ń ṣe ìgbéyàwó, ẹ bá adẹ́mu sọ̀rọ̀ tààrà, kó dá a láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí mọ́tò yín lọ gbé e pẹ̀lú yìnyín. Àwọn Ìgbò ń pe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ wọn ní gbígbé ẹmu, wọn ò sì jẹ́ kí ife ẹmu náà ṣófo títí dòní. Ìjọba ìbílẹ̀ náà, kò yẹ kó ju agbára wọn lọ láti ran àwọn adẹ́mu lọ́wọ́ kí wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, kí wọ́n ra okùn ààbò tó ṣeé gbára lé, kí ẹni tó bá já bọ́ rí owó ọsibítù.

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì mi padà s'Ékòó. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ dé e pa, torí ó lè bẹ́. Gbogbo ọ̀nà ló ń hó sí mi létí, àwọn èrò ọkọ̀ ń rẹ́rìn-ín, obìnrin kan ní kí n bu díẹ̀ fún òun. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo wọlé. Ìyàwó mi tọ́ ọ wò, ó fajú ro. Ó ní, "Ó ti kan."

Mo pe bàbá láti sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Ṣebí mo sọ fún ẹ. Mú ìyàwó ẹ wá." Ẹ̀yìn náà ni wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣùgbọ́n ẹ tètè wá o. Orúnkún mi ti ń dùn mí."

Nínú ìwé Tutùọlá, adẹ́mu ọkùnrin yẹn já bọ́ lórí ọ̀pẹ, ó kú, ọ̀gá rẹ̀ wá ẹlòmíì tó lè dá a bíi tirẹ̀, kò rí. Ó bá gbéra, ó wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Tiwa ṣì wà láàyè, l'Ókìtìpupa, l'Ágbádárìgì, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Owó ọkọ̀ lásán la nílò. Sátidé tó ń bọ̀, èmi àti ìyàwó mi ń lọ.